Bíréèkì Kì í Já

Ẹ bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ìjàǹbá mọ́tò sọ̀rọ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún yín ò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: "Bíréèkì ló já." Ẹ ka ìwé ìròyìn, ẹ ó tún bá a níbẹ̀: ìjánu ọkọ̀ àjàgbé kan já, ó sì ya wọ àárín ọjà. A ti gbọ́ ọ títí, kò jọ wá lójú mọ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ló já gan-an. Ṣé okùn ni, àbí ẹ̀wọ̀n?

Okùn ló ń já. Ìlẹ̀kẹ̀ ń já. Ìjánu ẹṣin náà lè já, torí awọ ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀dọ̀ ẹṣin la sì ti yá ọ̀rọ̀ náà fún ọkọ̀. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológere ń já, torí wáyà ló ń fà á. Kódà, ọ̀pá irin àti wáyà ló ń fa bíréèkì ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé àtijọ́. Ó di 1939 kí Ford tó fi bíréèkì olómi sí mọ́tò rẹ̀. Nítorí náà, mi ò bá ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé bíréèkì já jà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tójú rẹ̀ rí ló sọ.

Àmọ́ nínú mọ́tò tí èmi àtẹ̀yin ń wọ̀ lónìí láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, tí a bá yọ ti hánbíréèkì sẹ́yìn, kò sí okùn kankan láàárín ẹsẹ̀ dírẹ́bà àti táyà. Ọ́ìlì ló wà níbẹ̀. Ọ́ìlì kì í já o. Jíjò ló ń jò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín já àti jò lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ gírámà lójú yín, àmọ́ ó ti ná ẹbí wa ní ohun tí a ò lè rà padà. Màá débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ṣọ́ọ̀bù.

*

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní ká fi ṣe IT nígbà tí mo wà ní FUTA. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá ọ́fíìsì tó ní AC. Èmi bá ara mi lábẹ́ igi máńgòrò, ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà Oǹdó, níbí ní Àkúrẹ́. Ọmọ Oǹdó ni ọ̀gá wa, iṣẹ́ bíréèkì sì ni gbogbo àdúgbò mọ̀ wọ́n mọ́. "Injiníà" ni wọ́n ń pè mí. Ẹ mọ irú ìpè tó ní ẹ̀rín nínú.

Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, Ọ̀gá bi mí pé kí ló ń dá mọ́tò dúró. Mo ní Pascal ni.

"Ta nìyẹn? Níbo ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà?"

Mo ṣàlàyé. Blaise Pascal, ará Faransé tó gbáyé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ló fi yé aráyé pé tí èèyàn bá tẹ omi tí wọ́n sé mọ́ inú nǹkan, agbára títẹ̀ náà á dé gbogbo igun rẹ̀ bákan náà. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi ṣe bíréèkì olómi. Mọ́tò Duesenberg ti Amẹ́ríkà ti ń lò ó fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti 1921. Ẹsẹ̀ á tẹ pẹ́dà, pẹ́dà á ti ọ́ìlì inú másítà, ọ́ìlì á gba inú páìpù lọ sídìí táyà, á sì ti páàdì mọ́ irin tó ń bá táyà yí.

Ọ̀gá gbọ́ tán, wọ́n mi orí. "Ó dáa. Pascal ti ṣe tiẹ̀. Ìwọ tó máa ṣe páìpù ńkọ́?"

Ẹ wo páìpù ọ̀hún. Kò nípọn tó bíírò: mìlímítà 4.76 ni láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ara irin rẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi mìlímítà 0.7 lọ. Afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò kékeré máa ń wà ní nǹkan bíi 32 psi. Tí ewúrẹ́ bá bẹ́ sójú títì tí ẹ fi gbogbo ara tẹ bíréèkì, ọ́ìlì inú páìpù tín-ín-rín yìí lè ju 1,000 psi lọ. Ibi tí agbára yẹn ti máa ń wá ọ̀nà àtijáde ni ẹnu páìpù: níbi tó ti kan másítà, níbi tó ti pín sọ́tùn-ún àti sósì, níbi tó ti dé ìdí táyà. Wọn ò jó o pọ̀. Kò sí rọ́bà níbẹ̀, kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí tépù. Ẹnu páìpù ni wọ́n ká, tí nọ́ọ̀tì wá tì í mọ́ ihò tó bá a mu. Irin lórí irin ni. Ẹnu tí wọ́n bá ṣe dáadáa lè lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láì jò.

Flare ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà nínú ìwé. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, "ṣíṣe ẹnu" la ń pè é.

Gígé ló kọ́kọ́ wà. Ọ̀gá ò jẹ́ ká fi ayùn irin gé e, torí ayùn máa ń gé e dàgẹ̀rẹ̀, ó sì ń da èérún irin sínú páìpù. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tó ní ọ̀bẹ roboto. A ó fi gbá páìpù mú, a ó máa yí i po, a ó sì máa fún un díẹ̀díẹ̀ títí páìpù á fi gé lọ́gbọọgba. Lẹ́yìn náà, a ó fi fáìlì pa etí rẹ̀ tó mú, nínú àti níta, a ó sì fẹ́ èérún jáde.

Ìgbà yìí ni Ọ̀gá máa ń pariwo láti orí bẹ́ńṣì tí wọ́n jókòó sí: "Nọ́ọ̀tì dà?" Torí nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ ti wà lára páìpù kí a tó ká ẹnu rẹ̀. Tí ẹnu bá ti fẹ̀, nọ́ọ̀tì ò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ẹnu ọ̀hún ìbáà rẹwà bí ẹwà, gígé ni wọ́n máa gé e dànù.

Tí nọ́ọ̀tì bá ti wọlé, a ó de páìpù mọ́ àárín irin gbọọrọ méjì tó ní ihò oríṣiríṣi. Páìpù á yọrí síta díẹ̀, ìwọ̀n èjìká bọ́tìnnì irin kékeré kan tó bá irinṣẹ́ náà wá. A ó ki ìdí bọ́tìnnì yẹn bọ ẹnu páìpù, a ó kán ọ́ìlì bíréèkì sí i, a ó wá máa yí sukúrúù òkè sọ̀kalẹ̀ lé e. Ẹnu páìpù á wú, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fọn kàkàkí. Ìdajì iṣẹ́ la ṣe yẹn o. A ó yọ bọ́tìnnì kúrò, a ó wá yí irin tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí òkòtó sọ̀kalẹ̀ sínú wíwú náà. Etí páìpù á ká wọnú ara rẹ̀, á sùn lé ara rẹ̀ nípele méjì, á sì ṣí bí ẹnu àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìpele méjì? Ẹ bi télọ̀ ìdí tó fi ń ṣẹ́ etí aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó rán an. Etí tí wọ́n ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣì fi ojú gígé rẹ̀ síta, ibẹ̀ ló sì ti máa ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù. Irin tín-ín-rín tí wọ́n fẹ̀ lójú ẹ̀ẹ̀kan lè sán ní etí, kí ojú má sì tètè rí i. Tí wọ́n bá ká a lẹ́ẹ̀mejì, ojú gígé ti wọnú lọ. Ibi tó dán, tó nípọn, ló máa fara kan ihò.

Tí a bá ṣe é tán, Ọ̀gá á gbà á, wọ́n á gbé e sókè sí oòrùn, wọ́n á yí i wò. Ṣé ó rí roboto? Ṣé àárín ló wà, àbí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ṣé kò sán? Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá kù, wọ́n á gé e, wọ́n á ní ká tún bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í bínú. Wọ́n á kàn ní, "A lè gé páìpù ká tún un ṣe. A ò lè gé èèyàn ká tún un ṣe."

Ẹnu náà sì ní ẹ̀yà. Ẹnu Corolla kọ́ ni ẹnu Golf. Ti àwọn mọ́tò Japan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé yìí, tó ń ṣí bí àrọ. Ti ọ̀pọ̀ mọ́tò Jámánì máa ń dúró níbi wíwú yẹn ni, bí orí olú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ìlà ara nọ́ọ̀tì àwọn méjèèjì lè bára mu, kí nọ́ọ̀tì wọlé wẹ́rẹ́, kí ẹni tí ò mọ̀ rò pé ó ti parí. Àmọ́ àrọ ò lè jókòó sí ihò olú. Ó lè má jò lónìí. Tó bá di ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, á jò.

*

Ẹ lè bi mí pé kí ló ń ba páìpù jẹ́ ní Àkúrẹ́, níbi tí yìnyín kì í ti í bo títì. Ọ̀pọ̀ mọ́tò wa, tòkunbọ̀ ni, wọ́n sì ti lo ìdajì ayé wọn níbòmíì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní apá àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn á ta sábẹ́ mọ́tò, á máa jẹ páìpù díẹ̀díẹ̀. Ní 2015, NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fáwọn èèyàn ibẹ̀ pé kí wọ́n máa fọ abẹ́ mọ́tò wọn, kí wọ́n sì máa yẹ páìpù bíréèkì wò. Mọ́tò tó ti jẹ iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá kùn ún tó dán, owó gidi la fi ń rà á ní Èkó. Òkè la máa ń wò. Kò sẹ́ni tó ń dùbúlẹ̀ wo abẹ́.

Nígbà tí páìpù bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ọ̀nà ẹ̀rọ̀ méjì ló wà tí mo rí táwọn kan ń gbà. Ìkíní ni kí wọ́n ká páìpù táyà tó ń jò, kí wọ́n fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ. Wọ́n á ní àwọn ti "bílọ́ọ̀kì" ẹ̀. Mọ́tò á máa fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró nígbà tí wọ́n fi mẹ́rin dá a. Tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, á fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìkejì ni kí wọ́n lọ gé páìpù pupa lára fíríìjì tó ti bàjẹ́. Ó rọ̀, ó ń tẹ̀ bí èèyàn bá ṣe fẹ́, ẹnu ẹ̀ sì rọrùn láti ṣe ní ìpele kan, báwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ṣe ń ṣe é. Iṣẹ́ wọn dára níbi tó wà, torí agbára inú fíríìjì kò tó ti bíréèkì. Àmọ́ abẹ́ mọ́tò kì í sinmi gbígbọ̀n. Ẹ mú wáyà pupa kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ẹ ó rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Páìpù pupa kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún bíréèkì, tí wọ́n po nickel mọ́ kọ́pà rẹ̀; láti àwọn ọdún 1970 ni Volvo ti ń lò ó, iyọ̀ ò sì rí i ṣe bó ṣe ń ṣe irin. Ti fíríìjì kọ́ nìyẹn.

*

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni Dádì Yaba. Yaba ti Oǹdó ni mò ń wí o, kì í ṣe ti Èkó. Peugeot 504 ni wọ́n ń wà, Oǹdó sí Àkúrẹ́, Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Mo wà ní pírámárì nígbà tó ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní ìtòsí Bọ́lọ́rundúró, pẹ́dà bíréèkì wọn wọlẹ̀. Èrò kún inú mọ́tò, àwọn ọmọ ilé ìwé sì wà níwájú. Dádì yí ọwọ́ mọ́tò sínú igbó, wọ́n sì fi sọ igi. Ẹnikẹ́ni ò kú. Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Dádì lábẹ́ orúnkún, ẹsẹ̀ tó ń tẹ bíréèkì gan-an.

Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ló ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ: bíréèkì já. Ọ̀rọ̀ já yìí, ẹ gbọ́ ọ bó ṣe rí lédè wa. Okùn lè dá já, èèyàn sì lè já okùn. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi béèrè nínú yàrá yẹn pé: ta ló já a?

Ìyá Ẹlẹ́kọ ni wọ́n mú. Ìyàwó kékeré bàbá àgbà ni Ìyá Ẹlẹ́kọ, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí Dádì ṣe ń jáde, Ìyá Ẹlẹ́kọ sọ ohun tí gbogbo ìyá ń sọ: "Rọra sáré o." Ó di ẹjọ́. Wọ́n ní ṣé wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ yẹn? Àwọn ará ilé gbé àdá síwájú wọn pé kí wọ́n fi Ògún búra. Ìyá gbé irin náà, wọ́n fẹnu kàn án, wọ́n búra pé ọwọ́ àwọn mọ́. Ọjọ́ pé, oṣù pé, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Síbẹ̀, ara ilé ò kí wọn mọ́, wọn ò sì ra ẹ̀kọ wọn mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n kó lọ bá ọmọ wọn obìnrin ní Ilé-Olújì. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Nínú ẹbí wa, ẹnì kan ò lọ síbi ìsìnkú wọn.

Lákòókò IT mi, mo lọ kí Dádì ní Oǹdó lópin ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n bi mí ohun tí mò ń kọ́, mo ṣàlàyé páìpù àti ẹnu rẹ̀. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ gan-an. Wọ́n wá ní ẹni tó ń bá àwọn tún mọ́tò ṣe nígbà yẹn ti fi páìpù pupa kan sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ló ti rí i. Wọ́n ní ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí pẹ́dà ti ń rọ̀, tí àwọn ń fi ọ́ìlì kún másítà láràárọ̀, tí inú táyà ẹ̀yìn sì ń rin ṣìnkìn. Wọ́n ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọyẹ́ ọdún tó kọjá.

Mo ní, "Dádì, ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nígbà náà?"

Wọ́n wò mí. "Ta ló bi mí?"

*

Oǹdó ò fi ọdún Ògún ṣeré. Àwọn dírẹ́bà, mẹkáníìkì àti alágbẹ̀dẹ a máa so màrìwò mọ́ mọ́tò àti ṣọ́ọ̀bù wọn. Lónìí pàápàá, ẹni tó bá wù lè fi irin búra ní kóòtù wa dípò Bíbélì tàbí Àlùkùráánì. A gbà pé irin ń gbọ́, pé irọ́ tí a bá pa lójú Ògún kì í lọ lásán. Irin gbọ́ ẹ̀rí Ìyá Ẹlẹ́kọ, ó sì dá wọn láre. Àwa la ò gbọ́. Irọ́ tó wà lára irin nínú ọ̀rọ̀ yẹn, abẹ́ mọ́tò ló wà, lẹ́nu páìpù fíríìjì kan, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Mi ò sọ pé ìkà ò sí láyé. Mi ò sì sọ pé ẹnu páìpù ló ń fa gbogbo ìjàǹbá. Páàdì máa ń jẹ tán. Ọ́ìlì tó ti fa omi mọ́ra lè hó tí dírẹ́bà bá ń tẹ bíréèkì ṣáá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn FRSC, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága wọn àkọ́kọ́ ní 1988, máa ń kọ BFL sínú ìwé wọn, ìyẹn brake failure. Ó wúlò fún ìṣirò, àmọ́ bí já ló rí: ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sọ ọwọ́ ẹni tó ṣe é.

Àwọn àmì yẹn kò ṣòro, kò sì dìgbà tí èèyàn bá lọ FUTA. Tí pẹ́dà bíréèkì bá ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí tìmùtìmù, tàbí tó ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí mọ́tò sì dúró, ẹ má wulẹ̀ máa pọ́ǹpù ẹ̀ kiri. Tí ọ́ìlì bíréèkì bá ń dín kù kíákíá, ibì kan ló ń lọ. Fífi kún un nìkan kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ wo inú táyà bóyá ó tutù. Tí mọ́tò bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó ti bílọ́ọ̀kì ẹsẹ̀ kan. Tó bá fẹ́ pààrọ̀ páìpù, ẹ ní kó fi ẹnu rẹ̀ hàn yín kó tó dì í, kó sì fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde lẹ́yìn náà. Tó bá bínú nítorí ìyẹn, ẹ gbé mọ́tò yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Èrò ọkọ̀ nìkan lẹ jẹ́? Ẹ̀yin náà lẹ́nu. Tí dírẹ́bà bá ń pọ́ǹpù pẹ́dà lẹ́ẹ̀mẹta kí mọ́tò tó dúró ní gáréèjì, ẹ ti gbọ́ ohun tí bíréèkì ń wí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kódà tí wọ́n bá pè yín ní ojo.

Ọjọ́ tí wọ́n bá sì sọ létí yín pé bíréèkì ẹnì kan já, kí wọ́n tó dárúkọ ìyá ẹnikẹ́ni, ẹ bá mi bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: ibo ló ti ń jò, ìgbà wo ló sì ti bẹ̀rẹ̀?